Ahọ́n Ambrose Kì í Ṣìnà

Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é, mo sì máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀ bí mo bá ń kí i, torí onílé mi ni, ó sì fi ogún ọdún jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, "ó" ni n óò máa pè é. Ẹni tó bá fẹ́ kí n fi "wọ́n" sí i, kó kọ́kọ́ wá bá mi gún ohun tí mo gún nínú ilé ọkùnrin náà fún odidi ọdún mẹ́rin.

Ambrose Fẹ̀sọ̀jayé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé, ọmọ ìjọ Àgùdà, ilé rẹ̀ sì wà ní àdúgbò Ìlórò. Èmi, Janet, tíṣà ni mí. Ọ̀kà-Àkókó ni mo ti wá, iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi dé Ọ̀wọ̀, yàrá méjì ni mo sì gbà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ilé ìdáná kan náà ni èmi àti Agatha ìyàwó rẹ̀ jọ ń lò. Ohun tí ojú mi rí nínú ilé ìdáná yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni Ambrose ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ní 1984, nígbà tí ìjọba ológun ń lé gbogbo ènìyàn jáde láti gbálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn wolé-wolé ló ni ìlú. Ambrose á wọ kakí, á fi bírò há etí, á wọ ilé ìdáná oníléonílé, á ṣí ìkòkò wọn wò, á yọjú sínú odó wọn. Àwọn obìnrin ìlú kò pẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ń dí wolé-wolé lẹ́nu. Kó tó rí tanwíji nínú àmù, iyán ti dé iwájú rẹ̀. Ó jẹun káàkiri Ọ̀wọ̀, ó jẹun dé Èmùrè-Ilé, wọ́n tún gbé e lọ sí ìhà Ọ̀sẹ́, ó jẹun dé Ìmọ̀rù. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló fi jẹ iyán ọ̀fẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1992, ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Àwa yòókù, bí ebi bá pa wá, a ó jẹun. Ambrose kì í jẹun bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé iyán síwájú rẹ̀, kò ní fọwọ́ títí yóò fi béèrè ìbéèrè mẹ́ta: iṣu ibo ni? Igi wo ni wọ́n fi gbẹ́ odó? Ọwọ́ ta ló gún un? Lẹ́yìn náà á tẹrí ba, á gbóòórùn rẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń wo orí ọmọ tuntun. Òkèlè àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kan ọbẹ̀. Á jù ú sẹ́nu, á dijú, á gbójú sókè sí àjà. Gbogbo wa á dákẹ́, itọ́ á máa dà lẹ́nu wa, ọbẹ̀ á máa tutù. Ìgbà tó bá wù ú ni á tó lanu.

"Ìmọ̀rù ni," á wí. "Oko ẹ̀bá odò. Òjò tètè dá lọ́dún tí wọ́n gbìn ín."

Ta ni yóò já a nírọ́? Iṣu kò lẹ́nu.

Ó ní iyọ̀ tirẹ̀ tó ń gbé kiri nínú agolo aáṣáà, torí iyọ̀ ọjà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá gbọ́ pé ẹnìkan fi magí sí ọbẹ̀, á di ahọ́n rẹ̀ mú bí ẹni tí kòkòrò ta. Mo wà níbi òkú ìyá kan ní Ìgbórókò, ọmọ olókùú dúró, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá bá a kẹ́dùn. Ambrose na ìka sókè. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló se ẹ̀gúsí yìí, wọn ò mọ̀ pé a kì í ro ó kí epo tó yọ ni?" Ilẹ̀ ìbá lanu, ǹ bá wọlé sí i.

Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé ó rí ọmọlẹ́yìn. Sylvanus, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, àwọn méjèèjì sì pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ A-mọ̀-ọ́n-jẹ. Lọ́jọ́ọjọ́ Ìsinmi, bí Máàsì bá ti parí, wọ́n á jókòó ní pálọ̀ Ambrose.

"O gbọ́ òórùn ilẹ̀ pupa nínú rẹ̀?" Ambrose á bi í.

"Mo gbọ́ ọ," Sylvanus á wí, ẹni tí mo mọ̀ dájú pé kò lè fi imú mọ ìyàtọ̀ láàrin irú àti ọṣẹ. "Ó dà bí ẹni pé èéfín díẹ̀ náà wà níbẹ̀."

"Ẹ̀hẹn! Àjà ni wọ́n kó o sí. Ahọ́n mi kì í ṣìnà."

Ẹnìkẹta wọn ni Jímọ̀ onífọ́tò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló ń gbé òun wá. Ambrose ti gbọ́ pé kámẹ́rà wéèt-àn-gẹ́ẹ̀tì ti dé ìlú, èyí tí fọ́tò ń jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí iyán kan tí ó wọ pálọ̀ yẹn tí a kò kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀. Jímọ̀ á dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, á ní kí wọ́n yí ẹran sí ìhà ọ̀dọ̀ òun díẹ̀, kí wọ́n nu epo etí àwo. Álúbọ́ọ̀mù mẹ́ta ló kún. Fúnmiọlá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, gboyè jáde ní yunifásítì láìní ju fọ́tò kan lọ nínú ilé yẹn. Ìgbín tí wọ́n sè lọ́jọ́ náà ní mẹ́rin.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Agatha, torí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ yìí, ejìká rẹ̀ ló ń gbé e.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Agatha ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, á bọ́ bàtà, á wọ ilé ìdáná lọ gúnyán. Ní oṣù kẹfà ọdún 1993, òjò rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lẹ́nu kànga, ó sì fi ejìká ọ̀tún lulẹ̀ lórí kọnkéré. Dókítà wò ó, ó di ejìká náà, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé ọmọ odó mọ́ láyé rẹ̀.

Agatha sọ fún ọkọ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo ń rẹ́ ẹ̀fọ́.

"Ìyá mi gúnyán títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú," Ambrose wí.

Ó kù díẹ̀ kí n bi í bóyá kì í ṣe òun ló pa wọ́n.

Mo ní kó jẹ́ kí n máa bá Agatha gún un. Ó kọ̀. Agatha ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò máa wá gún un. Ó tún kọ̀. Ó ní bí ọwọ́ mìíràn bá kan iyán òun, òun á mọ̀, torí iyán a máa gba ìwà ẹni tó gún un. Ó wá jókòó sí pálọ̀, ó tẹ́tí. Ohun tó máa ń ṣe nìyẹn: á máa ka iye ìgbà tí ọmọ odó bá dún, bí kò bá sì tó igba, á pariwo láti orí àga pé kò tíì jinná nínú odó.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Agatha fi gún un pẹ̀lú ejìká yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wọ ilé ìdáná, mo bá a tó gbá odó mọ́ra bí ọmọ, omi ń dà lójú rẹ̀ sórí iṣu. Inú bí mi. Bí inú bá bí mi, n kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú báàgì tí mo fi ń kó ìwé àwọn ọmọ iléèwé, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà, mo ra póńdó, iyán oníyẹ̀fun inú páálí, èyí tí ènìyàn kàn ń dà sí omi gbígbóná tí á sì rò bí ẹ̀bà. Mo kó ìwé lé e lórí, mo gbé e wọlé.

"Janet, á gbọ́ pé odó ò dún," Agatha wí.

"Odó á dún," mo wí.

Mo kọ́kọ́ gbá odó lásán. Ó dún kò, kò, kò, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Mo wò yíká. Ìdajì ìró búlúù kan tí Agatha fi ń gbé ìkòkò kalẹ̀ wà lórí òkúta. Mo rì í sómi, mo ká a ní ọ̀nà mẹ́rin, mo tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ odó, mo gbé ọmọ odó lé e. Gbì, gbì, gbì. Àfi bí iyán! Mo ń gún àkísà, Agatha ń fi ọwọ́ òsì ro póńdó lórí sítóòfù. Mo ka igba, mo fi mẹ́wàá lé e, kó má baà sọ pé ó dín.

A gbé e wọlé. Èmi àti Agatha dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, a di ọwọ́ ara wa mú. Ambrose gbóòórùn, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó dijú, ó gbójú sókè. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti ń ronú ibi tí n óò kó ẹrù mi lọ.

"Ìmọ̀rù," ó wí. Ó tún bù ú. "Agatha! Ejìká rẹ ti san. Èyí dán ju gbogbo èyí tí o ti ń gún látẹ̀yìn wá."

A sá padà sí ilé ìdáná, a fi aṣọ bo ẹnu, a rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agúnkísà nìyẹn, láti 1993 títí wọ 1997. Iṣu Ìmọ̀rù tí Ambrose fúnra rẹ̀ ń lọ rà, tí ó ń fọwọ́ kàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yan ìyàwó, èmi ni mo ń fi í se àsáró. Èyí tí mi ò bá lè jẹ tán, a ó kó o ránṣẹ́ sí ìyá Agatha ní Èmùrè-Ilé. Ara mi dán lọ́dún wọ̀nyẹn, gbogbo ènìyàn ló ń bi mí irú ìpara tí mo ń lò. Fúnmiọlá dé fún Kérésìmesì lọ́dún kan, ó wọ ilé ìdáná, ó rí mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó wo inú odó, ó wo ejìká ìyá rẹ̀, ó jáde, kò sì sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ni àṣírí fẹ́ tú. Ní 1995, Ambrose ní àwo iyán nìkan kò tó mọ́, òun fẹ́ fọ́tò ọwọ́ tó ń gún un. Òun àti Jímọ̀ já wọ ilé ìdáná lójijì. Mo fò sẹ́yìn, Agatha já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ òsì ló sì fi gbé e. Kámẹ́rà kọ mọ̀nà. Nínú fọ́tò náà, etí aṣọ búlúù yọ jáde lẹ́nu odó, ó gùn tó ìka kan. Ambrose kò rí i. Ó ní kí Jímọ̀ bá òun sọ fọ́tò náà di ńlá, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Màríà Mímọ́. Lọ́jọ́ọjọ́ Ìsinmi ni á máa nawọ́ sí i. "Ẹ wo ọwọ́ tó mọṣẹ́," á wí.

Nígbà tó di àárín ọdún 1997, Fúnmiọlá mú ọkùnrin wá sílé. Ọlámúyìwá Ògúnyẹmí ni, ọmọ Ìdóàní, akọ̀wé ìjọba ní Àkúrẹ́, ọmọ jẹ́jẹ́ tí í gbé àga fún àgbà láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Baba rẹ̀ ti kú. Margaret ìyá rẹ̀ ló fi iṣu títà rán ọmọ mẹ́rin lọ sí iléèwé. Àwọn ẹbí Ògúnyẹmí ń béèrè ọjọ́ tí wọn yóò wá fi ara wọn hàn, bó ti yẹ kí ará ilé ọkọ ṣe.

Ambrose ní rárá. Ó ní kí wọ́n tó wá mọ òun, òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ tọ́ iyán ilé wọn wò.

"Bàbá Fúnmi," Agatha wí, "ta ló máa ń gbé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sílé ọkọ lọ jẹun, kí wọ́n tó wá tọrọ rẹ̀?"

"Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe," ó dáhùn. "Ilé tí iyán rẹ̀ bá burú, ìwà wọn náà á burú. Ọmọ mi kò ní wọ ilé tí wọn kò mọ oúnjẹ."

A lọ. Ambrose, Agatha, Fúnmiọlá, èmi, àti Jímọ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀, nínú ọkọ̀ tí Sylvanus yá wa. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí ìyá náà pé a kàn fẹ́ yà kí i ni, nítorí náà obìnrin yẹn kò mọ̀ pé ìdánwò ló ń bọ̀ wá jókòó fún. Láti ẹnu ọ̀nà ni a ti gbọ́ odó rẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Èmi tí mo mọ ìró méjèèjì, mo mọ̀ pé kì í ṣe àkísà.

Màmá Margaret jáde wá, òógùn bò ó, ó ń fi ìdí aṣọ nu ọwọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ó gbé iyán kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ olú àti ẹran ọ̀yà. Ooru iyán náà bò mí lójú. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń jẹ àsáró. Òórùn iyán gidi yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún.

Jímọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ya fọ́tò. Ìyá náà rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí ni, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Iṣu ibo ni?" Ambrose bi í.

"Iṣu oko mi ni, bàbá."

"Igi wo ni odó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Igi tí bàbá ọkọ mi gé ni. Mi ò tíì sí nílé yìí nígbà náà."

"Ọwọ́ ta ló gún un?"

Ìyá náà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i. Ó ti pupa.

Ambrose gbóòórùn. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó ju òkèlè sẹ́nu, ó dijú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ fà ro. Ó tún bu òmíràn, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó wá ti àwo náà sẹ́yìn. Bí inú bá ti ń bí i, Yorùbá ìwé á bọ́ lẹ́nu rẹ̀, á padà sí ti Ọ̀wọ̀.

"Éè ṣe uyán rè," ó wí, pé kì í ṣe iyán nìyí.

Ó tọ́ka sí àwo náà.

"Kókó wà nínú rẹ̀," ó tẹ̀síwájú. "Kò dán. Kò dà bí èyí tí mò ń jẹ nílé rárá. Màmá, ẹ má bínú o, wolé-wolé ni mí, mo mọ ọgbọ́n gbogbo. Àwọn obìnrin kan wà láyé ìsinsìnyí, wọ́n á máa gbá odó lásán kí àlejò lè gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun inú páálí ni wọ́n ń rò nínú ilé. Irú iyán yẹn nìyí. Ẹni tó bá lè fi oúnjẹ parọ́, kò sí ohun tí kò lè fi parọ́."

Mo wo Agatha. Agatha wo ilẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi abẹ́rẹ́ gún mi ní àkókò yẹn, ẹ̀jẹ̀ kò ní jáde.

Màmá Margaret kò pariwo. Ó gbé àwo iyán náà kúrò níwájú rẹ̀, ó fi ọmọrí dé e. "Mo dúpẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá," ó wí. "Ká ní àwa la kọ́kọ́ wá sílé yín ni, ọmọ mi ì bá ti wọ ilé tí wọ́n ti ń pe àgbà ní onírọ́ nítorí òkèlè." Ó wọ yàrá lọ. Ọlámúyìwá, tó ti Àkúrẹ́ wá pàdé wa níbẹ̀, sìn wá dé ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú ìtẹríba, ṣùgbọ́n kò wo ojú Fúnmiọlá.

Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́tà dé láti ọwọ́ àbúrò bàbá Ọlámúyìwá pé àwọn kò ní wá mọ́. Ambrose ka lẹ́tà náà sókè, ó ní òun ti yọ ọmọ òun nínú ewu. Fúnmiọlá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò jẹun. Lọ́jọ́ kejì, ó jáde wá sí ilé ìdáná, ojú rẹ̀ ti wú, ó dúró nídìí odó.

"Mọ́mì," ó wí, "ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà mí."

Ó padà wọlé. Agatha jókòó lórí àpótí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà nílé yìí, Janet. Bí mo bá sọ ọ́, yóò lé mi. Bí kò bá tilẹ̀ lé mi, gbogbo Ìlórò ni yóò gbọ́ pé mo fi ìyẹ̀fun bọ́ ọkọ mi fọ́dún mẹ́rin." Mo kàn jókòó tì í. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mì kò nílò kí ẹlòmíràn máa fò lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Sylvanus àti Jímọ̀ ti wà ní ìjókòó. Agatha gbé àwo tí ọmọrí bò sórí tábìlì.

"Mi ò gbọ́ odó lónìí," Ambrose wí.

"Ẹ ṣí i," Agatha wí.

Ó ṣí i. Ìró búlúù náà ló wà níbẹ̀, a ti fọ̀ ọ́, a ká a ní ọ̀nà mẹ́rin, ó ti jẹ níbi tí ọmọ odó ti ń bá a.

"Ohun tí à ń gún fún yín láti 1993 nìyẹn," Agatha wí. "Èyí tí ẹ ń jẹ, inú páálí ni. Obìnrin Ìdóàní yẹn gúnyán. Èmi ni mi ò gún un."

"Irọ́ ni!" Ambrose fò dìde. "Mo mọ ohun tí mò ń jẹ!"

Agatha kò bá a jà. Ó kàn nawọ́ sí fọ́tò ńlá tó wà lára ògiri. Sylvanus dìde, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan díńgí. "Ambrose," ó wí jẹ́ẹ́, "etí aṣọ ni o."

"Mo rí i lọ́jọ́ tí mo yà á," Jímọ̀ wí. "Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń gún un níbí nìyẹn ni."

Mo gbé sítóòfù wọ pálọ̀, mo gbé páálí póńdó. Lójú gbogbo wọn, Agatha fi ọwọ́ òsì ro ó, ó bù ú sáwo. Ambrose kò béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Ó bu òkèlè kan, ó jù ú sẹ́nu. Òótọ́ ni pé ahọ́n rẹ̀ kì í ṣìnà: ó mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó jókòó padà díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ máa ń béèrè iṣu," Agatha wí. "Ẹ máa ń béèrè igi odó. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, ẹ kò béèrè ejìká mi rí. Kò san, Bàbá Fúnmi. Kò san lọ́jọ́ kan. Ẹ lè lé mi bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ ó lọ bẹ obìnrin yẹn, kí ọmọ mi lè relé ọkọ."

Sylvanus rántí pé òun ní ìpàdé. Jímọ̀ tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Ambrose yìí, ọ̀ràn náà ti kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti bá ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Ambrose kò fi fọwọ́ kan iyán. Ó ń jẹ búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó yọ fọ́tò kúrò lára ògiri, ó ní kí a múra, à ń lọ sí Ìdóàní.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Margaret lójú ẹbí wọn, gbalaja, pẹ̀lú agbádá. Obìnrin náà jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi.

"Mo gbọ́," ó wí níkẹyìn. "Ẹ dìde. Iṣu wà lórí iná, odó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ lọ gún un, kí ìyàwó yín jẹ ẹ́. Bí ìyàwó yín bá jẹ ẹ́, àwa náà á wá sílé yín wá tọrọ ọmọ."

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta bọ́ agbádá, ó gbé ọmọ odó. Kò gbé e rí láyé rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, iṣu fò jáde, adìẹ sá tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ilé ń rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìró odó sókè, torí mi ò lè pa á mọ́ra. Ní ogójì, ó dúró mí. Ní ọgọ́ta, ó di apá rẹ̀ mú. Ó gbé e dé ọgọ́rùn-ún, mi ò mọ bó ṣe dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bu iyán náà sáwo fúnra rẹ̀, ó gbé e síwájú Agatha, ó sì jókòó lórí àpótí níwájú rẹ̀, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Fúnmiọlá di etí àga ìyá rẹ̀ mú. Agatha bu òkèlè kan, kò fi kan ọbẹ̀. Ó jù ú sẹ́nu, ó dijú, ó gbójú sókè sí ọ̀run, nítorí ìta gbangba la wà. 

"Kókó wà nínú rẹ̀," ó wí.

Ó tún nawọ́, ó bu òkèlè kejì, ó fi kan ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó bu ìkẹta. Màmá Margaret rẹ́rìn-ín, Ọlámúyìwá mí kanlẹ̀, Fúnmiọlá sì ti ń sunkún. Agatha wo ọkọ rẹ̀, ó wo apá rẹ̀ tí kò yé gbọ̀n lórí orúnkún.

"Ejìká yín ńkọ́?" ó bi í.

Ambrose di ejìká rẹ̀ mú. Orí àpótí yẹn náà ló wà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, títí Agatha fi jẹ iyán náà tán.